Kámẹ́rà ńlá ń sùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù: ṣé kí n tà á ra kékeré, àbí kí n wá lẹ́ǹsì kékeré sí i?

Aránṣọ_Ouando (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Aránṣọ ni mí l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí ọjà Ouando. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Faransé ló gbé Canon 700D kan wá fún mi nígbà tó wálé, òun àti lẹ́ǹsì súùmù 18-55 tó máa ń bá a wá, àti báàgì dúdú kan tó tóbi bí àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ. Inú mi dùn gan-an, torí láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn fótò, èmi ni mo máa ń to fótò ilé wa sínú álíbọ́ọ̀mù. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò síbi tí mi ò gbé e dé. Lẹ́yìn ẹ̀ ó di pé mo ń fi sílé, torí tí n bá gun zémi (ọ̀kadà) lọ sọ́jà, ọmọ wà lẹ́yìn, ẹrù aṣọ wà nítan, kámẹ́rà wá ń gbá mi láyà ní gbogbo kòtò tí a bá bọ́ sí, tí mo bá sì yọ ọ́ níbi tí èèyàn pọ̀ sí, gbogbo ojú á yí sí mi, wọ́n á ní oníròyìn dé.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé rèé. Ní Jímọ̀ tó kọjá, ìyá mi gbé ọmọ mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láàárọ̀ kùtù, ó ń fi òrí pa á lára, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ìmọ́lẹ̀ kan báyìí gba ẹ̀gbẹ́ gèlè ìyá mi kọjá bọ́ sójú ọmọ. Kámẹ́rà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ti fi àǹkárá wé e nítorí eruku. Kí n tó tú u, kí n tó ki bátìrì bọ̀ ọ́, wọ́n ti dìde. Fóònù ni mo sáré fi yà wọ́n. Fótò náà mọ́lẹ̀ o, ṣùgbọ́n fóònù yẹn ti dán ojú ìyá mi bí ìgbà tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, pélé mẹ́ta tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn pòórá. Ìyá mi láìsí pélé kọ́ ni ìyá mi. Ó dùn mí dé ọkàn.

Ẹnì kan ní kí n ta kámẹ́rà yìí kí n fi ra kékeré tó ń wọ àpò. Ẹlòmíràn ní lẹ́ǹsì kékeré tí kì í súùmù, èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní fókáàlì fíìsì, ni kí n rà sí i. Owó tí mo lè yọ ò ju 100,000 sẹfà lọ. Mi ò fẹ́ fi ṣiṣẹ́ òde ìyàwó o, ilé mi, ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, àwọn òbí mi, ọjà, etí ọ̀sà, ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ máa yà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀yin ń lò?


BàbáFótò (Àjàṣẹ́)

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Má tíì tà á.

Láti ayé fíìmù ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo sì ti gbé ẹrù lẹ́ǹsì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ mi léjìká. Kì í ṣe ìwúwo nìkan ló ń lé kámẹ́rà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, bó ṣe yọ ẹnu síta ni. 700D yẹn, gíráàmù 580 ni pẹ̀lú bátìrì, lẹ́ǹsì 18-55 STM jẹ́ 205. Tí o bá yọ ọ́, tí o fi Canon 24mm f/2.8 STM sí i, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2014, 125 nìyẹn, o ò tíì dín ju gíráàmù 80 lọ. Ṣùgbọ́n wo gígùn: 18-55 tó sẹ̀ǹtímítà 7 àbọ̀, 24mm yẹn ò ju 2.3 lọ, ó pẹlẹbẹ bí ìdérí agolo mílíìkì. Kámẹ́rà náà á wọ inú báàgì tí o fi ń gbé ìlédìí ọmọ, wàá sì fi ọwọ́ kan fà á yọ.

Gbogbo ayé á sọ fún ẹ pé 50mm f/1.8 ni kí o rà, pé owó ẹ̀ ò pọ̀, pé ó ń jẹ́ kí ẹ̀yìn fótò rọ̀ bí òwú. Òótọ́ ni, èmi náà ní i. Àmọ́ sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà rẹ, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, kéré sí fíìmù àtijọ́, nítorí náà wàá fi 1.6 sọ iye tó wà lára lẹ́ǹsì di púpọ̀ kí o tó mọ bó ṣe máa ríran: 50 á di 80, 24 á di bíi 38, bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ló ṣe ń ríran fẹ̀ tó. Kí o tó lè ya ìyá rẹ látorí dé ẹsẹ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí, 50 á lé ẹ sẹ́yìn tó mítà 3. Yàrá ta ló fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ l'Àjàṣẹ́, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú fìríìjì? 24, mítà kan àbọ̀ ti tó o.

Kí n má parọ́ fún ẹ, 24 yẹn ò ní fún ẹ ní ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ju èyí tí o ní lọ. 18-55 rẹ tó bá wà lórí 24, ojú rẹ̀ ń ṣí dé f/4, èyí ń ṣí dé f/2.8 (bí nọ́ńbà ẹ̀yìn f bá ṣe kéré tó ni ojú ṣe ṣí tó), ìlọ́po méjì péré nìyẹn, kò sì ní ohun tó ń dènà ọwọ́ gbígbọ̀n tí 18-55 rẹ ní. Torí ẹ̀, ìyára 1/60 ìṣẹ́jú àáyá ni kí o má sọ̀kalẹ̀ kọjá tó o bá ń ya èèyàn, ọmọdé tó ń ta jàn-án-jàn-án, 1/125 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Kí o gba ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀ tó rí, láyè kó gòkè dé 3200, má bẹ̀rù kókó wẹ́wẹ́ tó máa hàn nínú fótò. Fótò tó ní kókó sàn ju fótò tó gbọ̀n lọ.

Kí o tó ná kọ́bọ̀ kan, ṣe nǹkan yìí. Yí 18-55 rẹ sórí àmì 24, kí o fi sẹ́lótéèpù dè é mọ́bẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, má tú u. Tó o bá fẹ́ kí nǹkan tóbi, sún mọ́ ọn. Tó o bá fẹ́ kó kéré, fà sẹ́yìn. Tí ara rẹ bá kọ̀ ọ́, tún un dè sórí 35, lo ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ìgbà yẹn lo máa mọ lẹ́ǹsì tó bá ojú rẹ mu, kò sẹ́ni tó lè bá ẹ mọ̀ ọ́n.

Kì í sì í ṣe nǹkan tuntun. Rolleiflex tí a fi kọ́ṣẹ́, lẹ́ǹsì kan ṣoṣo tó ń yàwòrán ló wà lára rẹ̀, kò sí súùmù, ẹsẹ̀ ẹni ni súùmù. Ìlú tiwa yìí sì mọ fótò: Joseph Moïse Agbodjelou tí wọ́n bí ní 1912 dá ṣọ́ọ̀bù fótò sílẹ̀ l'Àjàṣẹ́ níbí, ọmọ rẹ̀ Leonce Raphael Agbodjelou gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ayé sì mọ̀ ọ́n lónìí. Kámẹ́rà kékeré pàápàá, Oskar Barnack ní Jámánì tó ṣe Leica àkọ́kọ́, ikọ́ fée ló ń bá a jà, kò lè máa gbé kámẹ́rà ńlá gun òkè mọ́. Nígbà tí Leica yẹn jáde fún títà ní 1925, lẹ́ǹsì 50mm kan péré ló wà lára ẹ̀, kò ṣeé yọ. Ẹni tí ẹrù ń wọ̀ lọ́rùn bíi tìẹ ló ronú kàn án.


Tísà_Òkè (Ṣàbẹ)

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ ta kò yín níbì kan. 700D pẹ̀lú lẹ́ǹsì pẹlẹbẹ ṣì jẹ́ nǹkan tí èèyàn gbọ́dọ̀ rántí gbé. Èyí tó ń wọ àpò ṣòkòtò, èèyàn kì í rántí ẹ̀, ó kàn wà lára ẹni bíi kọ́kọ́rọ́ ilé.

Ricoh GR III ni mò ń lò, èyí tó jáde ní 2019. Gíráàmù 257 ni, bátìrì àti káàdì wà nínú ẹ̀ o, sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀ sì tóbi díẹ̀ ju ti 700D àǹtí wa lọ. Lẹ́ǹsì rẹ̀ ò ṣeé yọ kúrò lára rẹ̀, kò súùmù, ó ń ríran bíi 28, ìyẹn ni pé ó fẹ̀. Ẹni tí 28 bá fẹ̀ jù fún, wọ́n ṣe GR IIIx ní 2021 tó ń ríran bíi 40. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé mo lè fi fókọ́ọ̀sì sí mítà 2 láti ilé, kí n fi ojú lẹ́ǹsì sí f/8, tí oòrùn bá ti wà, ohun gbogbo láti bíi mítà 1 lọ títí dé òkè lọ́hùn-ún ló máa mọ́ kedere. Kò ní máa wá ojú ènìyàn kiri kó tó yà. Ní àsìkò kajú, mò ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, ọmọ kan ń yí ríìmù kẹ̀kẹ́ bọ̀ láàárín ọ̀nà, àwọn obìnrin ń ṣa kajú sórí àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, òkè Ṣàbẹ dúró gbagidi lẹ́yìn wọn. Mo yọ ọ́, mo tàn án, mo tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi ò dúró. Ọmọ, ríìmù, ọwọ́ àwọn obìnrin, òkè, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kámẹ́rà tó wà nínú báàgì, ọmọ yẹn á ti lọ.

Ṣùgbọ́n àǹtí, owó tí ẹ dá yẹn ò ní tó o rà, ẹ ò sì ní fẹ́ gba òkú kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò ní ojúhò tí èèyàn ń fi ojú kan wò, ojú gíláàsì ẹ̀yìn nìkan ló ní, nínú oòrùn ọ̀sán ẹ ò ní rí i dáadáa. Kò ní fíláàṣì. Bátìrì rẹ̀, bíi fótò 200 ló ń gbé, méjì ni mo máa ń kó dání, àmọ́ okùn USB-C ló ń gba iná, nígbà tí iná bá lọ mo máa ń so ó mọ́ báńkì iná fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti eruku fún yín, torí ó ti jẹ mí lówó. Kí n tó ra eléyìí mo ní kámẹ́rà kékeré kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, tí lẹ́ǹsì rẹ̀ máa ń yọ jáde tó máa ń wọlé padà. Ọyẹ́ ti Ṣàbẹ, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n, àtàárọ̀ ni òkè á ti sá pamọ́ sínú kùrukùru. Ní gbogbo ìgbà tí lẹ́ǹsì yẹn bá wọlé, ó ń fa eruku wọlé pẹ̀lú ara ẹ̀. Kò pẹ́, àmì dúdú mẹ́rin yọ lójú ọ̀run gbogbo fótò mi. 700D yín, ẹ lè yọ lẹ́ǹsì kí ẹ fi róbà afẹ́fẹ́ fẹ́ inú ẹ̀. Kámẹ́rà kékeré yẹn ò ṣeé ṣí. Mo gbé e lọ fún ẹnì kan tó ní òun mọ̀ ọ́n tún ṣe, ó tú u, ó dà á padà fún mi, láti ọjọ́ náà apá òsì fótò ò mọ́ mọ́. Mo sunkún sí i lóòótọ́. Ní báyìí, nínú ọyẹ́, inú ọ̀rá alátẹ̀pa ni GR mi máa ń wà kó tó wọ àpò, mi ò sì ń kì í bọ àpò tí owó bébà tàbí èérún búrẹ́dì wà.


Aránṣọ_Ouando (Àjàṣẹ́)

Bàbá, ẹ ṣeun, ọjọ́ yín á dalẹ́. Mo ti so sẹ́lótéèpù náà, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní ṣé kámẹ́rà fara pa ni. Tísà, ẹ pẹ̀lẹ́ lórí kámẹ́rà yín yẹn, ó dùn mí bí mo ṣe ń kà á.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹ ní kí n sún mọ́ èèyàn, ojú ń tì mí. Súùmù yẹn ń jẹ́ kí n fara pamọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, tí mo bá ya ìyá mi lẹ́bàá ògiri funfun, ojú wọn máa ń dúdú kọjá bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ wọn ò dúdú tó yẹn.


Zémi_Express (Àjàṣẹ́)

Fóònù ti tó jàre. Ẹ pa iṣẹ́ ẹwà tó wà nínú kámẹ́rà fóònù yẹn, pélé á padà. Ẹ fi owó yẹn ra aṣọ títà.


ÌyáTáyé (Kétu)

Zémi, ìmọ̀ràn yẹn wúlò, kí ó pa á lóòótọ́, torí àwọn ọjọ́ mìíràn fóònù nìkan ló máa wà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kì í tán síbẹ̀, nínú yàrá tí kò mọ́lẹ̀ fóònù ṣì máa ń lọ awọ ara mọ́lẹ̀ láti fi pa kókó rẹ́, ẹ̀ bá a pa á ẹ̀ bá a má pa á.

Àbúrò mi aránṣọ, ti ojú dúdú ni kí n kọ́kọ́ mú. Kámẹ́rà ò mọ èèyàn, ó kàn fẹ́ kí gbogbo nǹkan tó bá rí papọ̀ dà bí àwọ̀ eérú. Tí ògiri funfun bá gba ibi tó pọ̀, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ìyá ẹ ló máa jìyà ẹ̀. Wá bọ́tìnì tó ní àmì + àti - lára 700D rẹ, gbé e sí +1. Bí wọ́n bá wà níwájú ilẹ̀kùn tó ṣókùnkùn, tí ojú wọn gba gbogbo fótò, ìdà kejì ló máa ṣe, á fẹ́ sọ wọ́n di eléérú, dá a padà sí -⅔. Mo ní èyí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ àwa tí a dúdú kí wọ́n tó máa sọ ti lẹ́ǹsì. Ọdún méjì ni mo fi ń ba ojú àwọn èèyàn mi jẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ti ìtìjú ńkọ́. Nikon ni mò ń lò, lẹ́ǹsì 35mm f/1.8 DX ti 2009 yẹn ló wà lára ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti rà á, ó ń ríran bíi 52. Mo máa ń yà ní òru Ẹ̀fẹ̀, òru orin tó ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Láti ìgbà tí UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, a ti rí àlejò tó ń gbé lẹ́ǹsì gígùn bí ọ̀pá dúró lókèèrè, tí wọ́n ń tan fíláàṣì sójú Ẹ̀fẹ̀ níbi tó ti ń kọrin. Fíláàṣì máa ń pa ohun tí a wá wò, torí òkùnkùn yẹn àti àtùpà yẹn wà lára orin. Èmi kì í tan iná. Ọ̀sán ni mo ti máa ń lọ kí Ìyálàṣẹ, ìyá tó jẹ́ olórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, màá mú kámẹ́rà dání kí wọ́n rí i, màá bèèrè ohun tí mo lè yà àti èyí tí mi ò gbọ́dọ̀ yà, tí wọ́n bá ní rárá fún nǹkan kan, rárá ni. Lálẹ́, màá jókòó láàárín àwọn obìnrin tí mo mọ̀, f/1.8, 1/60, ISO 3200. Èmi náà ń gbe orin. Kámẹ́rà mi kéré débi pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi máa ń gbàgbé pé ó wà lọ́wọ́ mi, ìgbà tó bá sì gbàgbé tán ni ojú rẹ̀ máa ń tú.

Nítorí náà má fara pamọ́. Kí wọn, jókòó, bèèrè ara ọmọ, kí o tó gbé e sójú. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́, má yà á, kó o sì má jìnnà sí i torí ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó wá wọn aṣọ, o ti ń fi téèpù wọn wọ́n láyà, o ti sún mọ́ wọn ju ayafótò kankan lọ.


BàbáFótò (Àjàṣẹ́)

Ìyá Táyé ti sọ ọ́ délé. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un nítorí ọ̀sà wa. Má tún wé kámẹ́rà mọ́ àǹkárá kí o tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀rinrin Àjàṣẹ́ àti òkùnkùn, lẹ́ǹsì á bu bíi búrẹ́dì tó pẹ́ nílé, okùn funfun wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn á hù sínú gíláàsì. Tó bá ti jẹ gíláàsì, kò ní jáde mọ́. Wá ike oúnjẹ tó ní ìdérí tó le, kó àwọn àpò pẹlẹbẹ tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí a má jẹ, pààrọ̀ wọn lóṣooṣù ní àsìkò òjò. Má lo ìrẹsì, ìyẹ̀fun rẹ̀ á wọ inú lẹ́ǹsì. Èyí tó sì dára jù ni pé kó o máa lò ó.

Tó o bá fẹ́ ra àlòkù ní Kútọnu, lọ lọ́sàn-án. Ṣí ojú lẹ́ǹsì, tan iná fóònù láti ẹ̀yìn rẹ̀, wò ó láti iwájú ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Eruku díẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Tó o bá rí okùn wẹ́wẹ́ tàbí kùrukùru, dá a padà. Fi sára kámẹ́rà tìrẹ níbẹ̀, ya nǹkan tó wà nítòsí àti nǹkan tó jìnnà, kí o gbọ́ bóyá ó ń dún ju bó ṣe yẹ lọ tó bá ń wá fókọ́ọ̀sì.


Aránṣọ_Ouando (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ ti kọjá.

Sẹ́lótéèpù wà lórí 24 fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ inú bí mi, ọwọ́ mi ṣáà ń lọ síbi súùmù. Ọjọ́ kẹrin, ọmọ iṣẹ́ mi kan ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ti fi ahọ́n tú òwú náà, ó pa ojú kan dé, mo kàn rí i pé mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n tó ronú. Ojú ò tì mí. Mo tún un dè sórí 35 bí Bàbá ṣe ní, mo lò ó ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀yìn mi ń lu ògiri ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo ìgbà, mo dá a padà sí 24.

Mo lọ Kútọnu ní Sátidé láti ra lẹ́ǹsì 24 yẹn. Èkíní tí wọ́n gbé fún mi, iná fóònù fi okùn funfun hàn lẹ́bàá etí gíláàsì, gẹ́lẹ́ bí Bàbá ṣe sọ, mo dá a padà. Èkejì mọ́, mo rà á, owó mi tó o, ó tún ṣẹ́ kù. Láti ọjọ́ náà báàgì ńlá dúdú yẹn ni mò ń kó ègé aṣọ sí. Kámẹ́rà ń gbé nínú báàgì ọmọ, ó wà láàárín ìlédìí méjì.

Lánàá, ìyá mi wá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́ funfun. Oòrùn àárọ̀ ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé. Mo gbé e sí +1 nítorí ògiri, f/2.8, 1/125, mo jókòó sí àpótí tó kọjú sí wọn, à ń sọ̀rọ̀ ìyàwó àbúrò mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, mo tẹ̀ ẹ́. Eérún èèpo ẹ̀gúsí kan lẹ̀ mọ́ àtàǹpàkò wọn. Pélé mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lósì, mo kà wọ́n. Nígbà tí mo fi hàn wọ́n, wọ́n fi ìka kan pélé tó wà nínú gíláàsì kámẹ́rà, wọ́n tún fi kan ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn, wọ́n ní, "Bàbá mi ló gbé mi lọ́wọ́ dání lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́." Mi ò gbọ́ ọ rí.

Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹ nínú fóònù o, kí n lọ tẹ̀ ẹ́ kí n gbé e kọ́ ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ fótò tó dára l'Àjàṣẹ́, sẹ̀ǹtímítà 20 lọ́nà 30, tí ojú ìyá mi ò ní dúdú jù lórí bébà?